Ajá Tó Ń Gbọ́ Ti Ẹnì Kan Ṣoṣo

"Ẹ máa bọ̀, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Mo wà níbí." Ohun tí onílé máa ń wí nìyẹn nígbà tí ajá bá ti ń họ géètì, tí ẹsẹ̀ àlejò sì ti kọ̀ láti wọlé. Àlejò á rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, onílé á di ajá mú lọ́rùn, á sì fi kún un pé: "Alágídí ni. Kò ka ìyàwó mi sí, kò ka àwọn ọmọ sí, mẹ́gáàdì gan-an ń sá fún un. Tèmi nìkan ló ń gbọ́." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ki oríkì, bẹ́ẹ̀ àléébù ilé rẹ̀ ló ń tú síta.

Ẹ wo irú ìlú tí Ayépé jẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú ló wà, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sì jìnnà sí òpópónà márosẹ̀ tó ti Ṣágámù gba ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Bìní. Ọmọ ìlú lè máa ṣiṣẹ́ ní Èkó kó sì máa wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ayé Ìjẹ̀bú ti rí bẹ́ẹ̀: òde ni wọ́n ti ń pa owó, ilé ni wọ́n ti ń fi kọ́lé. Ọ̀gá á dé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, á tún lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láàárín ìgbà náà, ta ló ń bá ajá gbé? Ìyá àgbà tó ń sá ẹ̀lùbọ́ lágbàlá ni, àti ọmọ tó ń ti ilé-ìwé dé, àti mẹ́gáàdì tó ń ṣí géètì, àti ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀. Ajá tó bá jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀, ajá tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni ni fún ọjọ́ márùn-ún nínú méje.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé, nípa ajá tó le, ohun tó yẹ ká bi onílé ni ẹni tí ajá náà ń gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí ọ̀gá kò sí nílé.

Ajá tí a bá nílé àti ajá tí a rà wálé

Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sin ajá. Ajá ìbílẹ̀ wa, onírun fẹ́lẹ́, tí ìrù rẹ̀ máa ń ká sókè, gbogbo agbo ilé ló ń tọ́ ọ. Ìyókù ẹ̀bà tọ̀tún tòsì ló ń jẹ, ó mọ ọlọ́kadà tó ń gbé ìyá ọlọ́jà, ó mọ ọmọ tí kò yẹ kóun gbó. Àwọn ọdẹ náà ní tiwọn. Nígbà tí àwọn àgbà sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, wọ́n ń sọ fún wa pé ohun tí ọdẹ ń wá lára ajá ni pé kó lè dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, nínú igbó, níbi tí ọwọ́ ọdẹ kò ti lè tó o. Ajá tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá di ọrùn rẹ̀ mú nìkan ló ń gbọ́ràn, ọdẹ kò ní mú un dé igbó.

Èyí tí a ń rà báyìí yàtọ̀. Boerboel wá láti Gúúsù Áfíríkà, Rottweiler láti Jámánì, ajá Caucasian láti àwọn òkè tó wà láàárín Rọ́ṣíà àti Jọ́jíà. Akọ Boerboel lè wọn kílò 70, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ; ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún un kò tó o lórí ìwọ̀n. Ẹ tún wo iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ tọ́ wọn láti ìran dé ìran. Darandaran orí òkè Caucasus á fi ajá sílẹ̀ ti agbo àgùntàn lóru, kó dá ìkookò padà láì dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà fẹ́ ajá tó lè dá oko ńlá ṣọ́. Àwọn alápatà ìlú Rottweil fẹ́ ajá tí kò ní sá fún màlúù. Wọ́n ṣà wọ́n títí ó fi di pé ajá náà ń dá ìpinnu ṣe. Ohun tí a ń pè ní agídí lára wọn, òun gan-an ni iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà wọ́n. A kò lè san owó gọbọi nítorí rẹ̀ kí a tún máa nà án nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ṣéènì. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ojúmọ́ mọ́, a so ajá mọ́ igi lẹ́bàá géètì. Alẹ́ lẹ́, a tú u. A rò pé síso tí a so ó mọ́lẹ̀ ló ń mú un gbóná fún iṣẹ́ òru. Lóòótọ́ ó ń mú un gbóná, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń kọ́ níbẹ̀. Ajá tí ẹ̀rù bá bà lè sá, ó sì lè jà. Ṣéènì ti gba sísá lọ́wọ́ rẹ̀, ìjà nìkan ló kù. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì kọjá, ajá gbó o, oníbúrẹ́dì bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́kadà kọjá, ajá gbó o, ọlọ́kadà bá tirẹ̀ lọ. Ọjà wọn ni wọ́n ń bá lọ, ajá ní òun ló lé wọn. Láàárọ̀ kan ṣoṣo, ó ti borí ogún ènìyàn. Bí ó bá ṣe èyí fún ọdún méjì, kí ló dé tí kò ní gbà pé òun lágbára ju gbogbo ayé lọ?

Ta ló sọ pé ó fẹ́ jọba?

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń ta ajá léèrè, ọ̀pọ̀ á sọ fún yín pé ajá bẹ́ẹ̀ fẹ́ jẹ olórí ilé ni, pé ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn án pé ẹ̀yin ni ọ̀gá: ẹ dá a dojú sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ọn títí yóò fi wo ilẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ní orírun, ibi tó ti wá kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1947, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Rudolf Schenkel kọ nípa àwọn ìkookò tó wà nínú ọgbà ẹranko ìlú Basel ní Switzerland. Inú ọgbà tóóró ni wọ́n wà, wọn kò rọ́nà sá fún ara wọn, ìjà ipò kò sì tán láàárín wọn. L. David Mech, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé irú èrò yìí lárugẹ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìkookò ní ọdún 1970, ayé sì gbà á: ìkookò ń jà fún oyè, ọmọ ìkookò ni ajá, nítorí náà ajá ń jà fún oyè.

Mech kò dúró síbẹ̀. Ó tọ àwọn ìkookò lọ ní erékùṣù Ellesmere ní apá àríwá Kánádà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sé wọn mọ́. Ní ọdún 1999 ó tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde: agbo ìkookò inú igbó, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ni. Bàbá àti ìyá ń darí nítorí pé àwọn ló bímọ, àwọn ló mọ ibi tí ẹran wà. Òun fúnra rẹ̀ bẹ àwọn tó tẹ ìwé 1970 náà kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣe kàyéfì sí èyí. Baálé tó mọ ìwà hù kì í lu ẹnikẹ́ni kó tó jókòó sórí àga rẹ̀; nítorí pé òun ló ń pín nǹkan, tí ìpín rẹ̀ sì ń tọ́, ni ilé fi ń gbọ́ ọ.

Pàṣán ńkọ́? Ní ọdún 2009, Meghan Herron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Pennsylvania tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn onílé tó gbé ajá oníwàkiwà wá sí ilé ìwòsàn wọn. Nínú àwọn tó ti lu ajá tàbí tí wọ́n ti ta á nípàá, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé ajá náà kọjú ìjà sí àwọn. Nínú àwọn tó fipá gba nǹkan lẹ́nu rẹ̀, ìdá 39. Nínú àwọn tó dá a dojú sókè tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìdá 31. Kódà ìtẹjúmọ́ lásán, ìdá 30. Ẹni tó bá lágbára lè ṣe é kó mú un jẹ lónìí. Ìyá àgbà tó kù sílé lọ́la kò lè ṣe é, òun sì ni ajá náà yóò gbẹ̀san lára rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí pàṣán ń bàjẹ́ tí a kì í kà sí. Ajá tó ń kùn, ìkìlọ̀ ló ń ṣe: "ẹ jìnnà díẹ̀ sí mi." Bí a bá nà án nítorí kíkùn, á dákẹ́ kíkùn. Inú tó ń bí i kò lọ. Lọ́jọ́ mìíràn yóò bu ènìyàn jẹ láì kùn rárá, a ó sì máa sọ pé "kò ṣe báyìí rí, ó kàn bẹ́ mọ́ ọn ni." Àwa la gba ahọ́n ìkìlọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ilé ló ń kọ́ ajá

Ẹnikẹ́ni má gbọ́ èyí kó wá sọ pé kí á fi ajá sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Bí ajá ń sínwín, ó yẹ kó mọ iná. Òfin gbọ́dọ̀ wà, kó le, kó sì jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń gbé ilé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ilé kan náà, ọ̀gá á ní "Sit", ìyàwó á ní "Jókòó", ọmọ á máa pariwo "Stop it", mẹ́gáàdì á fi Haúsá lé e. Ìró ni ajá ń dì mú, kò gbọ́ èdè. Ìró mẹ́rin fún ohun kan ṣoṣo, kò sí ìró kankan nìyẹn. Ẹ yan ọ̀rọ̀ márùn-ún, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n: Wá. Jókòó. Dúró. Jù ú lẹ̀. Lọ sílé ẹ. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, láì pariwo. Bó bá ṣe é, ẹran díẹ̀ tàbí ẹja gbígbẹ tín-ín-rín. Bí kò bá ṣe é, kò sí nǹkan kan fún un, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún un sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun tó fẹ́ràn ní ìlẹ̀kùn, kí ìgbọràn jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kó jókòó kí abọ́ tó kanlẹ̀. Bó bá dìde kí abọ́ tó dé ilẹ̀, abọ́ á padà sókè. Kó jókòó kí géètì tó ṣí. Kó jókòó kí a tó mú okùn ìrìn dání. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sì sí ìgbe. Ìyá tí kò lè gbé àpò ìrẹsì lè ṣe é, nítorí pé agbára apá kò wọ̀ ọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá nìkan máa fún un lóúnjẹ. Mẹ́gáàdì ní ọjọ́ tirẹ̀, ìyàwó ní ọjọ́ tirẹ̀, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ilé ní ọjọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú òfin kan náà. Nígbà tí ọ̀gá bá wálé, kó jókòó sórí àga, kó panu mọ́, kó máa wo ìyàwó bó ṣe ń pe ajá. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni èyí yóò nira fún ju ajá lọ.

Bí ó bá gbé bàtà tàbí egungun tí kò yẹ kó jẹ, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi ohun tó dára jù ú lọ gbà á: "Jù ú lẹ̀," ẹran bọ́ sílẹ̀, bàtà bọ́ lẹ́nu. Ajá tó ti mọ̀ pé ọwọ́ tó ń bọ̀, fífún ló ń bọ̀ wá fún òun, kì í di abọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí olè yí ká.

Ní ti ibùgbé rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́bàá géètì. Ẹ kọ́ ilé ajá tó láyè, tó ní òrùlé àti omi, sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kò ti ní máa rí ẹni tó ń kọjá lójú títì. Lóru, ẹ jẹ́ kó máa rìn nínú ọgbà. Láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí àgbàlagbà fi okùn tó lágbára mú un rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ajá tó ní kílò 70 tí kò rìn jáde rí, agbára rẹ̀ á wá ibòmíràn gbà. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé láì sí àgbà níbẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ oníwà tútù tó.

Ajá tó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ṣàdédé le, dókítà ẹranko ló kàn. Etí tó ń dùn ún, eégbọn, oríkèé tó ń ro ó, gbogbo rẹ̀ lè mú un bu ọwọ́ tó kàn án jẹ. Ilé ìwòsàn ẹranko wà lábẹ́ yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta, ó sì wà lábẹ́ yunifásítì Ìbàdàn. Dókítà náà ni yóò sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ọ̀dá máa ń dín ìrìnkèrindò akọ kù àti ìjà láàárín akọ sí akọ. Kì í sọ ajá ìṣọ́ di ojo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oògùn fún ìwà tí ilé kọ́ ọ.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò

Ní ọdún 1965, John Paul Scott àti John Fuller tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ ọdún lórí ọmọ ajá ní Bar Harbor, Amẹ́ríkà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n bá bí ajá títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohun tó bá rí nígbà yìí láì sí ìpalára, ohun ayé ni lójú rẹ̀ títí lọ. Ohun tí kò bá rí, ọ̀tá ni. Àwa ńkọ́? Ìgbà náà gan-an la máa ń ti ọmọ ajá mọ́lé "kó má bàa mọ ènìyàn." Gbogbo ènìyàn wá di olè lójú rẹ̀, àti dókítà, àti ọmọ àbúrò.

Ẹ gbé e lápá yí Ayépé ká kí ó tó gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ tí àrùn wà. Kó rí agbádá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìyá tó gbé igbá sórí, ọkàdà, agbòòrùn, ọmọ tó ń sáré. Kó gbọ́ ìlù, kó gbọ́ odó. Yóò dàgbà tán, yóò sì máa ṣọ́lé síbẹ̀. Ajá tó mọ ohun tó yẹ ló ń tètè dá ohun tí kò yẹ mọ̀.

Ọjọ́ tí ilé bá kún

Ìjẹ̀bú kì í ṣe ìlú tí ilé máa ń dá. Ìléyá dé, Òjúde Ọba tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹta ní Ìjẹ̀bú-Òde, Kérésì dé pẹ̀lú báńgà, òkú àgbà àti ìgbéyàwó kò sì jẹ́ kí ọjọ́ Àbámẹ́ta sinmi. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọgọ́rùn-ún àjèjì á gba géètì wọlé láàárín wákàtí kan, ọ̀gá tí ajá ń gbọ́ tirẹ̀ á sì wà nínú aṣọ ẹbí, tí yóò máa kí ènìyàn. Kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé ni kí ajá ti rìn, kó ti jẹun, kó ti wọ ilé rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kí àgàdágodo wà níbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹnì kan tí kò ní mu ẹmu lọ́jọ́ náà.

Bí eyín bá kan ènìyàn, ẹ má wá ẹ̀tù ìbọn, ẹ má wá epo pupa, ẹ má sì kọ́kọ́ jókòó ṣẹjọ́. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́. Dìgbòlugi kò ní ìwòsàn nígbà tí àmì rẹ̀ bá ti yọ. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó ń pa nǹkan bí ènìyàn 59,000 lọ́dọọdún, pé ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, pé ìdá 40 nínú àwọn tó ń kú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ẹ má sì pa ajá náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ tì í mọ́lé, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá wà láàyè láì ṣàìsàn lẹ́yìn ìgbà náà, kò kó dìgbòlugi ran ẹni tó bu jẹ. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, a sì ń tún un gún lọ́dọọdún. Kí káàdì rẹ̀ wà nílé, kì í ṣe nínú mọ́tò ọ̀gá ní Èkó.

Òfin náà kò sùn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi títọ́ àti ìrìn ẹran ọ̀sìn inú ilé sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé Odògbólú ló ni àṣẹ lórí ajá Ayépé. Òfin ìwà ọ̀daràn, ní abala 495, ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ti mọ̀ pé ajá òun ń buni jẹ ni yóò ru gbèsè ohun tó bá ṣe; "tèmi nìkan ló ń gbọ́" tí a ń fi yangàn fún àlejò lè di ẹ̀rí lẹ́nu àlejò náà ní kóòtù. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí bí ìjọba ṣe ń le tó lórí ọ̀rọ̀ yìí: láti ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ọdún 2024, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní England àti Wales láti ní ajá XL Bully láì ní ìwé àṣẹ, dandan sì ni ohun ìbonu fún un níta.

Fún ẹni tí kò tíì rà, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ olè ni ariwo, ajá ìbílẹ̀ sì lè gbó. Kì í jẹun púpọ̀, oòrùn wa kò pa á lára, ọmọ ilé-ìwé sì lè fi okùn mú un rìn. Bí ó bá jẹ́ pé ajá ńlá lọkàn yín ṣì ń fà sí, ẹ bi ara yín léèrè pé ta ni yóò wà nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ mú ẹni náà dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta á, kó jẹ́ òun ni yóò pè é, òun ni yóò fi okùn mú un rìn. Bí ó bá sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ẹ dá owó náà padà sápò.